Iwájú Ọkọ̀ Japheth Kò Ní Nọ́ńbà

Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Japheth ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní Ohio níbẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Eékún ọ̀tún mi tó máa ń dùn mí nígbà òjò ti rọ̀ díẹ̀. Etí mi ni kò yí padà. Gbénga àbúrò rẹ ní kí n máa fi fóònù bá ọ sọ̀rọ̀ bí àwọn ìyá yòókù, mo sọ fún un pé bí mo bá gbé e sétí, bí ìgbà tí ẹ̀fọn ń kùn ni. Lẹ́tà ló yé mi. Precious yóò ya fọ́tò èyí ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, yóò fi ránṣẹ́ sí ọ. Bí ìwọ náà bá kọ tìrẹ, yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi bó ti máa ń ṣe.

Ọkọ̀ rẹ ti dé. Orí ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n gbé e lé láti Èkó, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo agboolé ló jáde wá wò ó. Ó pupa, ó ń dán, ó fara lélẹ̀ bí alángbá tó ń yáàrùn. Mo bi Gbénga bóyá èèyàn ń jókòó nínú rẹ̀ ni tàbí ó ń dùbúlẹ̀. Ó ní ọkọ̀ spọ́ọ̀tì ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo gbàdúrà sí i, mo fọwọ́ kan orí rẹ̀. O kú owó, o kú làálàá.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Ọjọ́ Ajé ni Gbénga lọ gbà á. Méjì ni wọ́n fún un, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, bí òfin ti wí. Tẹ̀yìn kò fa wàhálà kankan. Ti iwájú ni kò rí ibi dúró sí. Kò sí ihò, kò sí irin tí wọ́n lè so ó mọ́. Gbénga pe Ọ̀gá Gàfárù, pánẹ́ẹ̀bítà ẹ̀bá Ọjà'ba tó máa ń ṣe ọkọ̀ bàbá yín nígbà ayé rẹ̀. Ó wò ó, ó ní ihò méjì péré lòun máa lu sí bọ́ńpà, kò ní gba àkókò. Ṣùgbọ́n Gbénga ní o ti sọ fún òun pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan imú ọkọ̀ náà, kí àwọn kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ.

Lánàá, ọlọ́pàá dá a dúró ní Mọlété. Wọ́n ní, "Nọ́ńbà iwájú dà?" Ó mú un jáde, ó fi hàn wọ́n. Wọ́n ní kó lọ so ó mọ́ ibi tó yẹ kó wà, wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Wọn ò bú u, wọn ò nà án. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ fún mi, mo rí i pé ife omi ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Jọ̀wọ́, jẹ́ kí wọ́n lu ihò náà. Fọláṣadé ìyàwó Gbénga ń kí ọ, Ìkẹ́olúwa ọmọ wọn náà ń kí ọ. Ó ti wọ kíláàsì kejì báyìí.

Ìyá rẹ,
Bertha.


Columbus, Ohio.
Ọjọ́ kẹwàá, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Màámi,

Mo kí yín, mo kí ilé. Inú mi dùn pé eékún yín rọ̀. Ẹ má fi oògùn yẹn sílẹ̀ torí pé ó rọ̀.

Màámi, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má lu ihò sí ọkọ̀ náà. Ní Ohio níbí, nọ́ńbà ẹ̀yìn nìkan ni òfin béèrè. Bí mo ṣe wà á nìyẹn fún ọdún kan àtààbọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohunkóhun. Imú ọkọ̀ yẹn ni ẹwà rẹ̀. Ẹni tó bá lu irin wọ inú rẹ̀ ti bà á jẹ́ nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Ọ̀gá Gàfárù mọ iṣẹ́, mi ò sọ pé kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ ló mọ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń to páálí nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tí kò ní fèrèsé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò ra nǹkan kan fún ara mi rí. Ilé ni mo kọ́kọ́ tún ṣe, mo san owó ilé-ìwé Gbénga, mo ṣe òkú Bàámi. Nǹkan kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi ni ọkọ̀ yìí. Mo fẹ́ dé ní Oṣù Kejìlá kí n bá a bí mo ṣe fi ránṣẹ́.

Ohun tí Gbénga lè ṣe kò le. Kó gbé nọ́ńbà náà sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, sẹ́yìn gíláàsì iwájú. Ẹni tó bá fẹ́ kà á yóò kà á. Kó máa wà á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí bátìrì má kú. Àti pé kó yé gbọ̀n. Láti kékeré ló ti máa ń bẹ̀rù ohun tí kò tó nǹkan. Ẹ̀yin náà ẹ rántí.

Mo kí Fọláṣadé àti Ìkẹ́. Mo ti ra bàtà aláwọ̀ ewé fún ọmọ náà.

Ọmọ yín,
Japheth.


Bẹyẹrúnkà.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Japheth,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbénga náà kà á, ó sì dá a padà fún mi. Kò yẹ kí o kọ ọ̀rọ̀ ojo yẹn síbi tí yóò ti rí i. Àgbà lo jẹ́ sí i.

Ó ti gbé nọ́ńbà náà sórí dáṣíbọ́ọ̀dù bí o ṣe wí. Ó ń yọ̀. Bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò díẹ̀, ó ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀, má sì pe èmi náà ní ojo. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan sọnù ní àdúgbò. Ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n rí i lọ́jọ́ kejì nílé àǹtí rẹ̀, ó sùn lọ síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìròyìn pé wọ́n rí i kò sáré tó ìròyìn pé ó sọnù. Látìgbà náà ni ohùn obìnrin kan ti ń kiri lórí WhatsApp. Precious kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀ fún mi nítorí etí mi. Obìnrin náà ní kí gbogbo ìyá ṣọ́ra o, pé àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti wọ Ìbàdàn, pé ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ kò ní nọ́ńbà ni wọ́n ń lò, gíláàsì rẹ̀ dúdú, kí ẹni tó bá rí i má dúró béèrè ọ̀rọ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ obìnrin náà. Kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ajé, Gbénga dúró níwájú ilé kí n lè wọlé sínú ọkọ̀ rẹ, ó fẹ́ gbé mi lọ sí ọsibítù. Obìnrin kan tí mo ti ń kí láti ọdún mẹ́wàá ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó wo iwájú ọkọ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó bọ́ sí òdìkejì ọ̀nà. Kò kí mi. Nígbà tí a ti ọsibítù dé, ọkùnrin méjì tí mi ò mọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ń fi fóònù ya fọ́tò imú ọkọ̀ náà. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní kò sí nǹkan, Màmá. Wọ́n lọ.

Gbénga ti fi tapólì bò ó láti ọjọ́ yẹn. Fọláṣadé ní ká lu ihò náà ká má sọ fún ọ. Èmi ni mo kọ̀, torí mi ò fẹ́ kí o dé kí o wá bá ìjà nínú ilé. Sọ ọ̀rọ̀ kan, Japheth. Ihò méjì péré ni.

Ìyá rẹ,
Bertha.


Columbus.
Ọjọ́ karùn-ún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Màámi,

Ẹ má bínú pé èsì pẹ́. Mo ń ṣe iṣẹ́ àfikún kí n lè gba ìsinmi gígùn ní ìparí ọdún.

Ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ níwèé, ẹ̀yin lẹ wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ WhatsApp? Bí mo ṣe wà níbí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀la ni wọn yóò tún mú òmíràn dé. Àwọn tó ya fọ́tò ọkọ̀ náà, ọkọ̀ ló wù wọ́n. Níbí náà wọ́n máa ń yà á.

Mo ti rí i pé Fọláṣadé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ ihò yìí. Ẹ bá mi sọ fún un pé ọkọ̀ mi ni, kì í ṣe ọkọ̀ ilé ọkọ rẹ̀. Bí mo bá dé tí mo bá ihò lára rẹ̀, èmi àti ẹni tó lù ú kò tún ní jọ sọ̀rọ̀ mọ́, ẹni yòówù kó jẹ́. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀.

Ó ku bí oṣù méjì àtààbọ̀ kí n dé. Ẹ bá mi ní sùúrù.

Japheth.


Bẹyẹrúnkà.
Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá.

Japheth,

Gbénga kò tíì wálé. Ìkẹ́olúwa kò tíì wálé. Aago mẹ́ta ti kọjá. Fọláṣadé lọ sí ilé-ìwé ọmọ náà, wọ́n ní bàbá rẹ̀ ti wá mú un ní aago méjì, pé ọkọ̀ pupa ló gbé wá. Fóònù Gbénga kò lọ.

Àwọn ọmọ kan sáré gba iwájú ilé kọjá, wọ́n ní wọ́n ti mú gbọ́mọgbọ́mọ kan ní Ọjà'ba, wọ́n bá ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fẹ́ sun ún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní Ọlọ́run ṣeun.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ bí ọkọ̀ náà ṣe rí.

Fọláṣadé ti sáré lọ, bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí Precious tètè fi èyí ránṣẹ́ kó tó ti ṣọ́ọ̀bù. Èmi náà ń lọ.


Columbus.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá.

Màámi, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Mo ti pe Gbénga ní ìgbà ogún. Mo pe Precious, kò gbé e. Ẹ sọ fún mi pé kì í ṣe òun. Ọkọ̀ pupa pọ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ sọ fún mi pé kì í ṣe òun.

Japheth.


Columbus.
Ọjọ́ ogún, Oṣù Kẹwàá.

Màámi,

Ọjọ́ mẹ́ta nìyí. Precious sọ pé ọsibítù lẹ wà, kò sọ ti ta ni. Ó ní ẹ ní kóun má sọ, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ọ́. Fọláṣadé gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àná ni. Ó ní, "Bọ̀dá Japheth, ọkọ mi ṣì ń mí." Ó sì pa fóònù. Mo tún pè, kò gbé e mọ́.

Mi ò lè jẹun. Bí mo bá pa ojú dé, Gbénga ni mò ń rí, kì í ṣe bó ṣe rí báyìí, ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún méje ni. Ọmọ náà ń kọ́? Kí ni wọ́n ṣe fún ọmọ náà? Mo dọ̀bálẹ̀, Màámi. Bó jẹ́ ìlà kan péré, ẹ kọ ọ́.

Japheth.


Bẹyẹrúnkà.
Ọjọ́ kejìlélógún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Japheth,

Gbénga wà láàyè. Mo fi ìyẹn ṣíwájú kí o tó ka ìyókù. Ìkẹ́olúwa náà wà, kò fara pa. Àfi pé kò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, láti ẹnu Gbénga àti Ọ̀gá Gàfárù ni mo ti kó o jọ. Mi ò fi iyọ̀ sí i.

Ọkọ̀ Gbénga fúnra rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti àárín ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ó ní òun yóò fi tìrẹ lọ mú ọmọ ní ilé-ìwé, pé wíwà ọ̀sẹ̀ yẹn náà nìyẹn. Ó gbé nọ́ńbà sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Eyín iwájú Ìkẹ́ yọ ní kíláàsì lọ́jọ́ yẹn, àkọ́yọ ni. Ó dì í mọ́wọ́ kó lè jù ú sórí òrùlé nílé. Nígbà tí wọ́n dé Ọjà'ba, Gbénga tẹ búréèkì lójijì. Eyín bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ó kó sábẹ́ ìjókòó. Nọ́ńbà náà yọ̀, ó já sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Gbénga.

Ọmọ bú sẹ́kún. Àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán ni, ojú ọ̀nà kún, ọkọ̀ kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ìkẹ́ fẹ́ kí bàbá rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn kóun lè wo abẹ́ ìjókòó. Gbénga ní kò ṣeé ṣe láàárín ọkọ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gíláàsì, ó ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀."

Obìnrin kan tó ru ẹrù dúró. Ó ní, "Ọmọ ta ni?"

Gbénga ní, "Ọmọ mi ni, mà. Eyín rẹ̀ ló sọnù."

Obìnrin náà rìn lọ síwájú ọkọ̀, ó wò ó, ó ní, "Nọ́ńbà dà?"

Gbénga ní ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ le, pé bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà ló ṣe rí. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta yíjú sí wọn, lẹ́yìn náà mẹ́wàá. Gbénga bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó mú nọ́ńbà náà fi hàn wọ́n. Ẹnìkan ké pé ó fẹ́ mú ìbọn. Nígbà tó wá gbé e sókè, tí wọ́n rí i pé nọ́ńbà ni, ó tún burú sí i. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ó yọ ọ́ pamọ́ ni."

Wọ́n fà á jáde. Wọ́n bi ọmọ pé ta ni ọkùnrin yìí, ọmọ ní, "Dádì mi ni." Ọkùnrin kan ní wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò máa sọ. Wọ́n gbé ọmọ sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀. Gbénga ní òun gbọ́ nígbà tí ẹnìkan ní kí wọ́n lọ mú táyà wá. Ó ní láti ìgbà náà lòun ò ti gbọ́ nǹkan kan mọ́ ní etí òsì.

Ọ̀gá Gàfárù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni. Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ó là wọ́n kọjá dé iwájú, ó rí ẹni tó wà nílẹ̀. Àgbà ọkùnrin ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò lè bá wọn jà. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ Jímọ̀ rẹ̀, ó gbé orí Gbénga lé itan. Ó ní, "Ọmọ Tíṣà Bertha ti Bẹyẹrúnkà nìyí. Mo mọ ọkọ̀ yìí, èmi ni wọ́n pè kí n lu ihò nọ́ńbà sí i. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ ò bá lọ wò ó, ẹ sun àwa méjèèjì."

Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ń ka nọ́ńbà náà sókè, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ẹlòmíràn sì ń wo èyí tó já sílẹ̀. Wọ́n bára mu. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Àwọn ọlọ́pàá tó dé lẹ́yìn náà ló gbé Gbénga lọ sí ọsibítù.

Ìyàwó Ọ̀gá Gàfárù ló tọ́jú Ìkẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ra títí ọjà fi dákẹ́. Ọ̀gá Gàfárù pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Orí tábìlì ni fóònù wà nígbà tí mò ń kọ̀wé sí ọ, Japheth. Mi ò gbọ́ ọ.

Apá ọ̀tún Gbénga kán, egungun ìhà rẹ̀ méjì sán. Etí òsì yẹn, dókítà ní ó lè padà, ó lè má padà. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ márùn-ún, mi ò lè di gègé mú, ìdí nìyẹn tí èsì fi pẹ́. Mi ò fi jẹ ọ́ níyà.

Méjì nínú àwọn tó lù ú, mo mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo kọ́ wọn ní ìwé kẹta.

Bertha.


Columbus.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Màámi,

Mo ti kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ń ya á.

Èmi ni mo ní kó gbé nọ́ńbà sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibi ìjẹun níbi iṣẹ́ ni mo jókòó sí, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ mi, n ò ronú ju ìṣẹ́jú kan lọ kí n tó kọ ọ́. Mo jókòó síbi tí òfin ti gbà mí láàyè, mo wá ń pàṣẹ fún ẹni tó ń gba Ọjà'ba kọjá. Gbénga ò gbọ̀n nítorí pé ojo ni. Ó mọ ibi tó ń gbé ni. Èmi ni mo ti gbàgbé.

Ohun kan tún wà tí mi ò sọ fún yín. Ní Oṣù Kẹfà, kí n tó gbé ọkọ̀ náà sínú ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó bá mi ṣètò rẹ̀ sọ fún mi pé nílé, nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń lò, pé kí n jẹ́ káwọn so irin ìgbénọ́ńbà mọ́ ọn níbí kó tó lọ. Ó fẹ́ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní rárá. Mo fẹ́ kí àwọn tí a jọ dàgbà rí i bó ṣe rí gan-an. Ìyẹn nìkan ni ìdí rẹ̀, Màámi. Kò sí òmíràn.

Ẹ lu ihò sí i, ẹ tà á, ẹ sun ún, ohun tí Gbénga bá fẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe. Mo ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́, ọjọ́ kejìlá Oṣù Kejìlá ni màá dé. Ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí hàn án. Bí kò bá fẹ́ kà á, ẹ má fi dandan mú un. Ẹ bá mi bẹ Fọláṣadé. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ sí i nínú lẹ́tà tó kọjá. Òun nìkan ló sọ òótọ́ nínú gbogbo wa.

Mo ń bẹ̀rù láti wálé. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Japheth.


Bẹyẹrúnkà.
Ọjọ́ ogún, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Japheth ọmọ mi,

Má dá mi lẹ́bi pé mo pẹ́. Mo fẹ́ ní nǹkan kan láti sọ ni.

Wọ́n ti dá Gbénga sílẹ̀ ní ọsibítù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Apá rẹ̀ ṣì wà nínú símẹ́ǹtì tí wọ́n fi dì í. Kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́ tíṣà rẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá kóra jọ ní ìta, bó jẹ́ àwọn tó ń ra omi ni, yóò dìde lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Etí òsì kò tíì gbọ́. A ti di méjì nínú ilé báyìí, a ń pariwo mọ́ ara wa nídìí oúnjẹ.

Lẹ́tà rẹ wà lórí àpótí rẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá kó tó ṣí i. Nígbà tó kà á tán, ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé: "Kó máa bọ̀. Kó má ra nǹkan kan bọ̀ fún mi." Mo bi í pé ṣé ìbínú ni. Ó ní òun náà ò tíì mọ̀. Ní ti Fọláṣadé, ó ti ń fọ aṣọ fèrèsé yàrá rẹ. Bí o ṣe máa kà á sí, kà á sí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Gàfárù wá lu ihò náà ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Méjì péré. Mo gbé àga jókòó tì í. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nọ́ńbà ti wà níbẹ̀ báyìí, gbogbo èèyàn lè kà á. Kò sẹ́ni tó ti wà á láti ìgbà náà.

Ìkẹ́olúwa ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ló tó la ẹnu. Èmi ni mò ń mú un lọ sí ilé-ìwé tí mo sì ń mú un bọ̀, ẹsẹ̀ la fi ń rìn. Iwájú ọkọ̀ ló máa ń wò. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ń bọ̀, yóò ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbé ẹsẹ̀. Mi ò dá a dúró. Tíṣà ni mí, mo ní kíkà náà ni.

Lánàá ní ìrọ̀lẹ́, a ń sọ̀ bọ̀ láti Mápó. Ọkọ̀ kan ń gòkè bọ̀, iwájú rẹ̀ ṣófo. Ọmọ náà dúró, kò rí nǹkan kà. Mo fẹ́ sọ fún un pé kò sí nǹkan kan, pé bóyá ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ rẹ̀ ni, bóyá nọ́ńbà bọ́ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo rí i pé mo ti fa ọmọ sẹ́yìn mi, mo ti fẹ̀yìn ti ògiri, ojú mi sì ń wá àwọn èèyàn tó wà nítòsí, àwọn tí mo lè ké sí.

Ọkọ̀ náà rọra ń bọ̀. Ọmọkùnrin kan ló ń wà á, kò lè tó ọgbọ̀n ọdún. Ó yọjú, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Mi ò dá a lóhùn, Japheth. Mo ti ṣí ẹnu láti ké pé gbọ́mọgbọ́mọ ni.

Ìyá rẹ,
Bertha.